ÀKÀRÀ ILÉ ÀTI ÀKÀRÀ ÌTA: ÌTÀN ÌDÁJỌ́ OHUN DÍNDÍN NÍ ÒGÌDÌ

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí ìkùukùu kò tíì kúrò lórí àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú náà ká, èéfín alákàrà wà lára èéfín tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí ní ẹ̀bá ọ̀nà. Epo ń hó nínú agbada. Ọmọ ilé-ìwé dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń lọ sí oko dúró pẹ̀lú àdá. Olùkọ́ dúró pẹ̀lú ìwé ní abẹ́ apá. Kí owó tó bọ́ sí ọwọ́ alákàrà, ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń wo àwọ̀ rẹ̀, ẹnì kan ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn a sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ìyá, ṣé kì í ṣe ẹ̀wà àná ni ẹ fi dín in?" Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀ ní àràárọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹjọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé orí èwo ni ó dára jù, ti ilé ni tàbí ti ìta, ìdáhùn tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kò sí àkàrà tí ó tó ti ìyá ẹni. Ìdáhùn náà dùn létí, ó sì fi ìfẹ́ hàn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ojú ìtàn, kí a lè mọ ibi tí àkàrà ti gba iyì rẹ̀, àti àwọn tí ó ń pa òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ yìí ti pẹ́ láyé. Ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀wà ti wá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú hóró ẹ̀wà jáde láti inú àwọn ibùgbé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kintampo, ní orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, ọjọ́ orí hóró wọ̀nyí sì ju 3,500 ọdún lọ. Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mọ̀rókò, la aṣálẹ̀ kọjá wá sí ilẹ̀ ọba Málì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ a máa wa hóró kan tí ó dà bí ẹ̀wà láti inú ilẹ̀, wọn a sì máa dín in jẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a ṣe é róbótó, wọn a sì fi òróró èso igi kan dín in. Láti inú bí ó ti ṣe àpèjúwe èso náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé òrí ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé náà ní ilẹ̀ Okun, níbi tí igi òrí ti ń hù nínú ọ̀dàn, yóò mọ̀ pé oúnjẹ tí àlejò náà rí kò jìnnà sí ti agbada ilé òun.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé Ibn Battuta tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó ní bí èrò bá ti wọ abúlé kan, àwọn obìnrin a gbé ọkà, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà jáde, èrò a sì ra èyí tí ó bá wù ú. Èyí fi hàn pé láti nǹkan bí 670 ọdún sẹ́yìn ni obìnrin ilẹ̀ yìí ti ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò ní ojú ọ̀nà. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí ni, tí ó sì lè kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó ra ti ẹlòmíràn. Òwò àkàrà kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ibi ìdúrókọ̀ mú wá.

Ní èdè Yorùbá, orúkọ àkàrà gbòòrò ju ẹ̀wà díndín lọ. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún oúnjẹ àwọn Júù tí a fi àlìkámà tàbí ọkà báálì ṣe. Àkàrà ni wọ́n mú. Ìṣù àkàrà ni wọ́n pe èyí tí Jésù fi bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí ó ń mú ìyẹ̀fun wú, ìwúkàrà ni wọ́n pè é. Àjọ tí àwọn Júù kì í jẹ ohun wíwú nínú rẹ̀ sì di àjọ àìwúkàrà. Bí ènìyàn bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wíwú àti àkàrà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsìn nìkan ni èyí. Ó ń fi ojú tí Yorùbá fi ń wo àkàrà hàn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àkàrà ni pé, ṣé ó wú?

Wíwú náà kì í ṣàdédé wá. Ẹni tí yóò dín àkàrà yóò rẹ ẹ̀wà sínú omi títí èèpo rẹ̀ yóò fi tú, yóò bó o, yóò sì ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Yóò lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, nítorí bí omi bá ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lù ú nínú odó tàbí nínú ìkòkò títí yóò fi funfun, tí yóò sì fúyẹ́ bí ìfófòó ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń lù sínú rẹ̀. Purotéènì inú ẹ̀wà ni ó sì ń di afẹ́fẹ́ náà mú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń kìlọ̀ pé kí iyọ̀ àti àlùbọ́sà kẹ́yìn, nígbà tí epo bá ti gbóná, kí ẹ̀wà lílù náà má ba à rọ̀ padà kí ó tó dé inú agbada.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìdájọ́ ti jáde. Ojú ni ó ń kọ́kọ́ ṣèdájọ́: àkàrà gbọ́dọ̀ pọ́n yíká, kí ó má dúdú, kí ó má sì funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ni ó tẹ̀lé e: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí ó wọnú kí ó sì padà sí ipò rẹ̀. Ewé tàbí ìwé tí a fi pọ́n ọn ń jẹ́rìí pẹ̀lú: bí epo bá ti rin ín gbingbin, a mọ̀ pé epo kò gbóná tó nígbà tí a da ẹ̀wà sí i. Eyín ní tirẹ̀ ń wá èèpo tí ó le díẹ̀ àti inú tí ó rọ̀. Ahọ́n ń wá adùn ẹ̀wà. Bí ata nìkan ni ó gbọ́, ó fura pé a fi ata bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí ìkẹyìn ni àkókò. Àkàrà tí ó dùn ní gbígbóná pọ̀. Èyí tí ó ṣì ṣe é jẹ nígbà tí ó bá tutù ni ó mọ ọwọ́ ẹni tí ó lù ú. Àkàrà kéńgbe nìkan ni ó ní ìyọ̀ǹda láti gan, nítorí pé a dín in gbẹ kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ ni.

Ògìdì ní ànfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá kò ní. Ilẹ̀ Okun, tí í ṣe ilẹ̀ àwọn Ìjùmú, Ọ̀wẹ́, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, wà ní ibi tí Yorùbá àti àwọn ará Òkè Ọya ti pàdé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ajagun Núpé láti Bídà ń kó ilẹ̀ yìí lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ọmọ ogun Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní ọdún 1897. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ Okun sì di apá kan Àríwá. Ó wà lábẹ́ Ẹkùn Kàbà. Ó bọ́ sí abẹ́ ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kwara láti ọdún 1967. Ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Kogí ní ọdún 1991. Ìbànújẹ́ wà nínú ìtàn yìí, kò sì yẹ kí a fi adùn oúnjẹ bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí ogun gbà wá ni òwò ń gbà, oúnjẹ a sì máa tẹ̀lé òwò.

Báyìí ni mààsà, tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́sà, ṣe di ohun tí a mọ̀ káàkiri agbègbè náà. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Haúsá ni ó ń sọ ibi tí ó ti wá. Ìrẹsì, gẹ́ró tàbí àgbàdo ni a ń rẹ, tí a ń lọ̀, tí a sì ń fi sílẹ̀ mọ́jú kí ó lè kan díẹ̀. Nígbà tí ó bá wú, a ó bù ú sínú àwo dídín tí ó ní kòtò róbótó róbótó, a ó sì yí i padà kí ojú méjèèjì lè pọ́n. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n àkàrà dá mààsà lẹ́jọ́ yóò ṣì í dá. Lílù ni ó ń mú àkàrà wú. Kíkan ni ó ń mú mààsà wú. Àkàrà tí ó bá kan ti bàjẹ́. Mààsà tí kò bá kan rárá kò tíì pé. Inú mààsà yẹ kí ó ní ojú wínníwínní bí afárá oyin, kí etí rẹ̀ sì gbẹ. Àwọn ará Índíà ń dájọ́ dósà wọn, àwọn ará Etiópíà sì ń dájọ́ ínjẹ́rà wọn, ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ èyí, nítorí kíkan ni ó ń gbé àwọn náà ró. Ìdájọ́ tòótọ́ ní láti mọ ohun tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń wá ọ̀nà láti jẹ́.

Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni pankéèkì dé. Oúnjẹ òyìnbó ni, tí a fi fúláwà, ẹyin, wàrà àti ṣúgà pò. Ìdáná àwọn aláṣẹ òyìnbó, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń ṣe kúùkù, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè fún àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé sì jẹ́ òmíràn. Àlìkámà kò pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, láti òkè òkun ni a ti ń kó o wá. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń lọ fúláwà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá ní ọdún 1962, láti ìgbà náà ni fúláwà sì ti ń dé àwọn ìlú tí ó jìnnà sí òkun lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ìjọba fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé ní ọdún 1987, òfin tí a kò mú kúrò títí di ọdún 1992, àwọn tí ó gbójú lé fúláwà rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni okùn oúnjẹ àwọn wà. Agbada alákàrà kò sinmi ní gbogbo ìgbà náà, nítorí pé oko ilé ni ẹ̀wà ti ń wá.

Ohun tí ó dára láti kíyè sí ni ohun tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí fi ojú pankéèkì rí. Wọn kò gbà á bí ó ti wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n fi ata wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà rírẹ́ sí i, wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ó lè ṣe é ká. Ẹnu tí àkàrà ti kọ́ ni ó béèrè ata lọ́wọ́ pankéèkì. Ẹni tí ó bá jókòó ní ilé oúnjẹ ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja lónìí, tí wọ́n sì gbé pankéèkì síwájú rẹ̀, yóò ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe sí àkàrà: yóò gbé e sókè wò bóyá epo ń kán, yóò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó jóná. Àga àti tábìlì kò pa ìdájọ́ àtijọ́ rẹ́.

Ìyípadà tí ó tóbi jù kò ti ọ̀dọ̀ pankéèkì wá rárá. Ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìlọta ni. Ìgbà kan wà tí gbogbo ilé ní ọlọ àti ọmọ ọlọ, ìlú tí ó wà láàárín àpáta bí Ògìdì kò sì ní ìṣòro òkúta. Ẹ̀rọ dé, ó gba apá àwọn obìnrin lọ́wọ́ làálàá, ìbùkún gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ omi kí ẹ̀wà tó lè ṣàn nínú rẹ̀, omi náà sì ń ba lílù jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun ẹ̀wà gbígbẹ nínú àpò dé, èyí tí ó ṣèlérí pé kò sí rírẹ, kò sí bíbó. Kay McWatters, onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1983. Ó fi irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ láti Nàìjíríà dín àkàrà, ó sì fi wé àkàrà tí a dín láti inú ẹ̀wà rírẹ. Ti ìyẹ̀fun kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀wà rírẹ, nítorí pé a ti lọ ìyẹ̀fun náà kúnná jù, kò sì gba omi àti afẹ́fẹ́ bí ó ti yẹ. Ohun tí ìyá àgbà ń fi ìka mọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ilé ìwádìí fi ìwọ̀n jẹ́rìí sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ilé nìkan ni ó ń pa iyì àkàrà mọ́, kí ó wo òkè òkun. Ọya, òrìṣà tí odò ńlá tí ó ń ṣàn ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Okun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fẹ́ràn àkàrà. Nígbà tí a kó àwọn Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, Ọya bá wọn lọ, àkàrà pẹ̀lú sì bá wọn lọ. Níbẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà àti jẹ ni ó so pọ̀ nínú orúkọ náà. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in títí di òní, wọ́n sì ń fi edé àti ọbẹ̀ há a nínú. Àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹrú ni ó ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Salvador. Wọn a san iye tí olówó wọn bù fún wọn, wọn a sì fi ìyókù pamọ́. Àwọn kan nínú wọn fi owó bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà, kí òfin tó fi òpin sí oko ẹrú ní Bràsíl ní ọdún 1888. Ó yẹ kí a ro èyí dáadáa. Obìnrin tí kò ní ilé tirẹ̀, tí kò tilẹ̀ ni ara rẹ̀, ni ó gbé òṣùwọ̀n àkàrà la òkun kọjá, ojú títì ni ó sì ti pa á mọ́.

Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀ ní Salvador, tí ó sì dà bí ẹni pé a ó lé wọn kúrò ní àyíká pápá ìṣeré, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì gba àyè láti tà. Kò sí ẹni tí ó gba iyì yìí fún wọn ju àwọn tí ó ń ra àkàrà wọn lójoojúmọ́.

Ògìdì mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Nike Davies-Okundaye, tí a bí sí ìlú náà ní ọdún 1951, sọ iṣẹ́ aṣọ tí àwọn ìyá rẹ̀ ń ṣe di ohun tí a ń gbé kọ́ sára ògiri ní òkè òkun. Kí ó tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ obìnrin lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Àkàrà ṣì wà ní ipò tí aṣọ wà nígbà náà. Àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ pọ̀, àwọn tí ó ń kọ ìtàn rẹ̀ kò pọ̀.

Kí ni ìtàn wá wí nípa ẹjọ́ ilé àti ìta? Ó wí pé ìta ni kóòtù, ilé sì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilé, ìfẹ́ ń ran àkàrà lọ́wọ́. Ọmọ kì í sọ fún ìyá rẹ̀ pé èyí kò wú. Ní ìta, kò sí ojúsàájú: bí alákàrà bá kùnà ní òwúrọ̀ mẹ́ta, àwọn oníbàárà yóò kọjá lọ sí ìdí agbada kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó ń pẹ̀gàn àkàrà ìta ń pẹ̀gàn àwọn tí ó pa òṣùwọ̀n mọ́ láti ìgbà Ibn Battuta títí di ti Bahia. Ṣùgbọ́n ìta ní ìdánwò tirẹ̀: ìkánjú, epo àlòtúnlò, omi tí a bù kún ẹ̀wà kí ó lè pọ̀. Kí ni yóò dá alákàrà dúró níwájú ìdánwò wọ̀nyí, bí kì í bá ṣe oníbàárà tí ó mọ iṣẹ́ náà?

Níbí ni ewu wà. Ẹni tí ó ti bó ẹ̀wà rí, tí apá ti ro nídìí lílù rẹ̀, ni ó lè mọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pé omi ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò ṣe é rí yóò jẹ ohun tí wọ́n bá fún un, yóò sì pè é ní àkàrà. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò bá dín àkàrà ní ilé mọ́, kì í ṣe ilé nìkan ni yóò pàdánù. Kóòtù tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà yóò di kóòtù tí kò ní adájọ́. Òṣùwọ̀n tí ogun Núpé kò pa, tí òkun ńlá kò gbé mì, tí fúláwà òyìnbó kò lè lé lọ, lè ti inú àìmọ̀ oníbàárà kú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Kí ìdílé kan máa rẹ ẹ̀wà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan láàárín oṣù. Kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí tí iyọ̀ fi ń kẹ́yìn, nítorí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Kí èrò tí ó bá dúró ní Ògìdì ní òwúrọ̀ wo àkàrà dáadáa kí ó tó rà á, kí ó sì yin èyí tí ó bá wú. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dín in ní ilé ni yóò lè fi ẹ̀tọ́ sọ ní ìta pé, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, èyí wú."